Eyín Kan Tó Kán

Àpò ìrẹsì ni Ìbídùn fi gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sàpọ́n,
ó sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.
"Ti bàbá wa àgbà ni. Ẹ bá mi wò ó, bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú ẹ̀."
Mo tú okùn àpò. Aáyán méjì ló kọ́kọ́ jáde,
lẹ́yìn náà, fíìmù tó ń rùn bí omidùn ọjọ́ karùn-ún,
lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ sinimá,
èyí kékeré, ti inú ilé,
tí fíìmù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà.

Akọ̀wé ni Ṣówẹ̀mímọ́ ní rélùwéè Láfẹ́nwá.
Lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀mọ́ àtilọ ló ti rà á,
owó oṣù mẹ́ta.
Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Èmi, rédíò ni mo kọ́. Mi ò fọwọ́ kan irú èyí rí.
Ṣùgbọ́n irin nirin ń jẹ́;
bí o bá bi í léèrè pẹ̀lẹ́, yóò sọ ibi tó ń dùn ún.

Bẹ́líìtì rẹ̀ ti yọ́, ó di ọ̀dà.
Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́, mo lẹ̀ ẹ́, ó já,
mo tún òmíràn gé.
Gílóòbù rẹ̀ kò sí ní Sàpọ́n, kò sí ní Kútọ̀,
ti iná ọ̀kadà ni mo so mọ́ bátìrì;
ó tàn, ó pọ́n díẹ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójijì.
Olú wẹ́wẹ́ ti hù sójú dígí,
òwú àti sípíríìtì, ọjọ́ mẹ́ta,
Ràjí ọmọ iṣẹ́ mi jókòó tì mí,
"Ọ̀gá, èló ni wọ́n máa san?"
Mi ò dá a lóhùn.

Ó wá ku giá kan.
Eyín mọ́kànlélógún ló yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀, ogún ni mo kà.
Bó bá ti dé ibi tí ọ̀kan ti kán,
gbogbo ẹ̀rọ á ta gìrì, á tiro:
kẹ̀kẹ̀kẹ̀ kẹ̀kẹ̀ kó. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀ kẹ̀kẹ̀ kó.
Mo rí giá ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù lọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Ìtòkò,
mo fi fáìlì yún un títí ó fi wọlé.
Ẹ̀rọ wá ń lọ bí odò Ògùn lẹ́ẹ̀rùn.
Mo yin ara mi. Kí n má purọ́, mo yin ara mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nílé wọn ní Ìgbéìn,
wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri,
wọ́n gbé Màmá jókòó síwájú pátápátá.
Ọdún keje rèé tí ojú Màmá ti fọ́.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Mo tan án. Afárá Láfẹ́nwá yọ, ọkọ̀ ojú irin, èéfín,
ọ̀dọ́mọbìnrin kan fọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín tí a ò gbọ́,
ó ń fọwọ́ kejì lé ẹni tó ń yà á sẹ́yìn.
Àwọn ọmọ-ọmọ figbe ta: Màmá rèé! Ẹ wo bàtà Màmá!
Màmá nìkan ló dákẹ́. Ó ń dẹtí.
"Ẹ̀rọ ta lẹ gbé wá yìí?"
"Tiyín ni, Màmá."
"Irọ́ ni. Tiwa ń tiro."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi èmi.
Mo tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Ó ṣì wà níbẹ̀,
giá arúgbó tí mo ti fẹ́ sọ nù lẹ́ẹ̀mejì.
Mo pa iná. Ọmọ kan ń fi fóònù tanná sí mi lọ́wọ́,
mo yọ síkúrù mẹ́rin,
mo dá àléébù padà sáyè rẹ̀.

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀ kẹ̀kẹ̀ kó.

Lára ògiri, ọ̀dọ́mọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ kọ,
afárá ń fò sókè, ó ń bọ́ sílẹ̀.
Màmá na ọwọ́ ọ̀tún,
ó gbé e lé àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
"Akọ̀wé, rọra. Fíìmù á já."

Bá a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, Ràjí ní,
"Ọ̀gá, èwo la máa gbowó ẹ̀,
èyí tẹ́ ẹ tún ṣe, àbí èyí tẹ́ ẹ bàjẹ́?"
Mo ní kó gbé àpò irinṣẹ́ dáadáa,
kó má gbọ̀n ọ́n.